Wàrà ni Bàbá Maponya Kọ́kọ́ Tà

Ní ọdún 2014, mo pa irọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Braamfontein lọ sí Soweto. Akẹ́kọ̀ọ́ máṣítà ni wá ní Johannesburg. Ọmọbìnrin ará Zambia tí a jọ jókòó bi mí léèrè irú òwò tí àwọn òbí mi ń ṣe. Ní kíláàsì wa, ó jọ bíi pé bàbá gbogbo èèyàn ló ní ilé-iṣẹ́. Mo dáhùn pé ìyá mi ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ. Ká sòótọ́, èlùbọ́ ni Màámi ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Èlùbọ́ yẹn náà ló san owó bàálù tó gbé mi dé Gúúsù Áfíríkà.

Ẹni tí olùkọ́ wa ń kó wa lọ bá ni Bàbá Richard Maponya, àwọn tó kọ́ Maponya Mall, ilé ìtajà ńlá tí Nelson Mandela ṣí ní Soweto ní ọdún 2007. Èmi ọmọ Nàìjíríà, mo mọ bí olówó ṣe ń wọlé. Bí a ṣe kọjá ère erin tó wà níwájú ilé náà, tí a sì jókòó sí yàrá tí wọ́n ní ká dúró sí, mo ń retí ọkọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, ọlọ́pàá tí yóò máa lé èèyàn sẹ́yìn, àti ẹni tí yóò máa kígbe orúkọ oyè. N kò rí ìkankan nínú wọn. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù àti táì ló rìn wọlé jẹ́jẹ́. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé n kò sí n'Ìbàdàn. Wọ́n rọra fà mí dìde, wọ́n sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ìtàn wọn kì í ṣe àṣírí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kọ́, kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Johannesburg. Wọ́n máa ń ra aṣọ tó ní àbùkù lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n á lọ tà á ní Soweto. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tiwọn, ìjọba kọ̀. Òfin ayé ìgbà yẹn kò fẹ́ kí oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ta ju ohun tí ará àdúgbò ń lò lójoojúmọ́ lọ. Mandela àti Oliver Tambo, tí wọ́n jọ ní ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò nígbà náà, bá wọn dá sí i, síbẹ̀ ìwé àṣẹ aṣọ kò jáde. Oúnjẹ ni ìjọba gbà pé kí wọ́n máa tà. Bí Dube Hygienic Dairy ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ ilé ní Soweto kò ní iná mànàmáná, kí a má tíì sọ fíríìjì. Wàrà tó bá sùn mọ́jú ti kan nìyẹn. Nítorí náà, àwọn ọmọkùnrin ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wàrà dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wàrà ju bí wọ́n ṣe pẹ́ lórí ilé ìtajà tí a jókòó sí lọ. Wọn kò rẹ ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Wọn kò pe kẹ̀kẹ́ ní ohun mìíràn.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, ìrẹ̀lẹ̀ àti ìrẹ̀sílẹ̀. Onírẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹrí ba. Ẹni tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ló ti orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. A máa ń da méjèèjì pọ̀. Bí a bá rí tálákà tí kò lè fọhùn, a ó ní ó níwà ìrẹ̀lẹ̀. Bí olówó bá kí wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó ní ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dépò. Òfin apartheid fẹ́ rẹ Bàbá Maponya sílẹ̀. Wọ́n ta wàrà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé wàrà nìkan ló tọ́ sí àwọn. Wọ́n wà lára àwọn tó dá NAFCOC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì jẹ ààrẹ rẹ̀. Láti 1979 ni ilẹ̀ tí ilé ìtajà náà wà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ó gbà tó ọdún 28 kí ilé náà tó ṣí. Onírẹ̀lẹ̀ lè jẹ́ alágídí.

Èmi ńkọ́? Kò sí òfin kankan tó rẹ̀ mí sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo rẹ ìyá mi sílẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Nígbà tí a ń padà, mo sọ òótọ́ fún ọmọ Zambia náà. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń sá iṣu títí yóò fi gbẹ, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, àti bó ṣe ń di àmàlà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé-iṣẹ́ bàbá òun náà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Màámi. Mo ro ìtàn Bàbá náà fún wọn láti orí kẹ̀kẹ́ dé orí ilé ìtajà. Mo rò pé wọ́n á ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe tèmi bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Wàrà yẹn, ṣé wọ́n máa ń tà á láwìn?"

Mo ní n kò mọ̀.

"O jókòó ti irú èèyàn bẹ́ẹ̀, o ò béèrè? Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ fún tálákà, bó ṣe ń gba owó àwìn ni òwò yẹn wà."

Bàbá Maponya kú ní oṣù kìíní ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 99. Láti ìgbà náà, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti kọ ìtàn wọn. Ìbéèrè Màámi ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Bí wọ́n bá sì bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo máa ń sọ fún wọn pé ìdí èlùbọ́ ni, ní Bódìjà.