Fídíò tí mo pa rẹ́, àti Matthew Lyon

Ẹ jókòó o, thread yìí gùn díẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣe fídíò kan nípa kòtò tó wà lójú ọ̀nà àdúgbò wa. Kò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú méjì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, mo fi ẹnìkan tó wà nípò ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín in kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Ọkùnrin ni, kò sì pariwo rárá. Ó pè mí lórúkọ, ó dárúkọ àdúgbò wa, ó wá ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Pa nǹkan yẹn rẹ́, kó má di pé ọlọ́pàá ló máa bá ẹ sọ ọ́."

Mọ́mì mi ò jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀ tán. "Pa á rẹ́ báyìí báyìí!"

Mo pa á rẹ́. Kì í ṣe fídíò yẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní, bí mo ṣe tètè pa á rẹ́ ni.

Inú ìtìjú yẹn ni mo wà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n torí ohun tí wọ́n kọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Matthew Lyon.

Ọmọ Ireland ni. Ọmọdékùnrin ni nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1764. Kò lówó ọkọ̀, ló bá di ìwọ̀fà: ẹni tó san owó ọkọ̀ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé e fún ọ̀gá mìíràn. Ẹ mọ iye tí ọ̀gá yẹn san? Akọ màlúù méjì. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà títí, òun náà bá sọ ọ́ di ìbúra. Àwọn akọ màlúù tó rà á padà ló fi ń búra! Ibẹ̀ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Ó sanwó tán, ó kọrí sí Vermont, ó tẹ ìlú Fair Haven dó. Ó ní ilé ìlọ̀kà, ilé ìlagi, ilé iṣẹ́ irin àti ti bébà. Ní 1793, ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, The Farmers' Library. Ó gbé àpótí ìbò, ó ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó tó wá di pé ó jókòó nílé aṣòfin ní Philadelphia ní 1797.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ kan ni mò ń sọ o. Ní oṣù kìíní 1798, aṣòfin kan láti Connecticut, Roger Griswold, fi ọ̀rọ̀ idà onígi gún un lára, ìyẹn ni pé ojo ni lójú ogun. Lyon tutọ́ sí i lójú. Nínú ilé aṣòfin! Wọ́n fẹ́ lé e, ìbò ò tó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Griswold gbé ọ̀pá wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án lórí ìjókòó. Lyon sáré mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń ko ẹyin iná, ni wọ́n bá jọ wọ̀yá ìjà. Àwọn ayàwòrán yà á, wọ́n tà á káàkiri. Mímù ti wà tipẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi.

Oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ John Adams fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ohun tó bá ba ìjọba lórúkọ jẹ́. Òfin yẹn dáàbò bo ààrẹ, ó dáàbò bo ilé aṣòfin, kò mẹ́nu kan igbákejì ààrẹ. Ta sì ni igbákejì? Thomas Jefferson, alátakò Adams. Ẹ rò ó wò.

Lyon ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà kan pé ògo asán àti ojúkòkòrò ti gba ààrẹ lọ́kàn, pé àpọ́nlé ló ń wá kiri. Kí òfin yẹn tó jáde ló ti kọ ọ́! Òfin ti dé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ṣá. Òun fúnra ẹ̀ ló gbẹnu sọ fún ara ẹ̀, ó ní òfin náà ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Wọn ò gbọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, ìtanràn 1,000 dọ́là.

Ìlú Vergennes ni wọ́n tì í mọ́, láti oṣù kẹwàá wọ inú òtútù. Ó ń kọ lẹ́tà jáde látibẹ̀, kò dákẹ́. Nínú oṣù kejìlá, àwọn ará Vermont dìbò, wọ́n sì tún yàn án. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti wọlé! Àwọn alátìlẹ́yìn dá owó ìtanràn, ó jáde ní oṣù kejì 1799, ó kọrí sí ilé aṣòfin padà. Ní 1801, nígbà tí Jefferson àti Aaron Burr jọ ta ọ̀mì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógójì ni ilé aṣòfin dìbò. Aṣòfin Vermont kejì yẹra nígbà ìkẹyìn, Lyon nìkan ló wá dìbò fún Vermont, Jefferson ló sì fún.

Àmọ́ ẹni tí mi ò lè gbàgbé kì í ṣe Lyon. Olóòtú kan wà ní Bennington, Anthony Haswell. Ó tẹ ìpolówó lọ́tìrì tí wọ́n fẹ́ fi rówó san ìtanràn Lyon sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n oṣù méjì, pẹ̀lú ìtanràn 200 dọ́là. Ẹni tó kàn bá wọn pín in!

Ìgbà tí mo ka ti Haswell ni mo rántí àwọn tó pín fídíò mi. Mi ò tiẹ̀ kìlọ̀ fún wọn. Mo kàn pa tèmi rẹ́, mo sùn.

Mo mọ̀ pé Lyon ní ilé iṣẹ́, ó ní olùdìbò, ó ní ọ̀rẹ́ tó lè dá 1,000 dọ́là. Èmi ní data tó máa tán lọ́la àti Mọ́mì tí kì í sùn bí mi ò bá tíì wọlé. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́, kò sì tíì wọ̀ mí létí dáadáa.

Lyon kú ní 1822. Ní 1840, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìtanràn yẹn àti owó ẹjọ́ padà fún àwọn ọmọ rẹ̀: 1,060.96 dọ́là, pẹ̀lú èlé lórí ẹ̀.

Fídíò mi ṣì wà lórí fóònù. Mo tún wò ó lánàá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kòtò yẹn ti kún, ọlọ́kadà kan sì ṣubú síbẹ̀ láàárọ̀ yìí.