Àṣàyàn Mẹ́wàá

Èmi àti àbúrò ìyàwó mi jọ ń ṣe ètò kékeré kan fún kọ̀ǹpútà, èyí tí a fi ń tẹ èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo. A kò tà á. Gbangba ni a gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni kọ́lé.

Níbi kíkọ́ yìí ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní kí a jẹ́ kí olúkúlùkù yan ohun tí yóò wà nínú tirẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ: kí àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ tóótó tàbí igi kúkúrú, kí àmì ohùn wà tàbí kí ó má sí, títí àṣàyàn fi pé mẹ́wàá.

‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà,’ ni ó wí.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mú bébà, mo ṣírò. Àṣàyàn mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lè bí oríṣi ètò 1,024. Bí ó bá di ogún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Àwa méjì péré, ta ni yóò dán gbogbo wọn wò?

Mo rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí wọ́n rí àléébù tí a ń pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, ètò tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ted Unangst, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ OpenBSD, fẹ́ pa apá kan ètò náà tí ń tún àyè ìrántí kọ̀ǹpútà lò. Àṣàyàn wà fún un. Ó lò ó, ètò náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n igbó ti bò ó. Ní oṣù náà gan-an ni OpenBSD dá LibreSSL sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣán ọ̀pọ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀.

(Linux ní àṣàyàn tí ó lé ní 10,000, n kò sì bá a wí. Láti orí fóònù dé orí ẹ̀rọ ńláńlá ni a ti ń lò ó, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀.)

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá náà kò pẹ́ kí a tó pa wọ́n rẹ́. Ti àmì ohùn ni ó le. Láìsí àmì, igba, igbá àti ìgbà di ọ̀kan náà, èmi kò sì fẹ́ kí ọwọ́ mi wà nínú irú ìyẹn. Àbúrò mi ní ìyá òun kì í fi àmì kọ̀wé, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ohun tí ó wí. Ìyá rẹ̀ ni àna mi! Mo gbà.

Àṣàyàn méjì ló kù, oríṣi ètò mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, èmi ni mo ń dán èyí tí kò ní àmì ohùn wò, orúkọ Màmá ni mo sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.