Ẹ Má Sọ "A Dúpẹ́" Fún Dókítà Tó Ń Kọ Ìwé Ìpalára Yín

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá kí yín pé "Ara ńkọ́?", kí lẹ máa ń fèsì? Ṣebí "A dúpẹ́" ni, kódà kí ibà máa gbọ̀n yín lọ́wọ́. Ìdáhùn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ilé tiwa.

Lọ́dún 2019, ẹ̀rọ rún ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ mi níléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ̀tà. A dúpẹ́ (ẹ rí i, èmi náà tún ti sọ ọ́) pé wọn ò gé ìka kankan.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7, kí wọ́n sì béèrè owó gbà-máà-bínú kí ọdún kan tó pé. Owó náà kì í ṣe sàráà o. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá a jọ, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Gbogbo èyí la tẹ̀ lé.

Ọ̀dọ̀ dókítà tó fẹ́ kọ bí ìpalára náà ṣe tó ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ojú mi ló ṣe. Dókítà ní, "Bàbá, báwo lọwọ́ yín báyìí?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́, dókítà, ó ti ń sàn." Wọ́n ní kó di ẹ̀ṣẹ́, ó dì í. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a fi jáde. Nígbà tí ìwé dé, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbẹ́ ti jinná, pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ara òun ti ń yá, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ka ìpalára náà sí. Ọkùnrin tí mò ń bá di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀!

Àwọn ẹbí ní ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ò gbà. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kà á tán, ó ní, "Àǹtí mi, kò sí ọwọ́ nínú lẹ́tà yìí, inú tó ń bí yín nìkan ló wà níbẹ̀."

Ó ní ká gba ẹ̀dà ìwé dókítà, ká kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ká wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wò ó bóyá ọwọ́ náà lè di nǹkan mú, tàbí bóyá ó ń mọ nǹkan lára. Èèyàn lè di ẹ̀ṣẹ́ kó má lè di ife mú. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, lọ́jọ́ Túsìdeè, ìkòkò gbígbóná jó o níka, kò mọ̀ títí mo fi pariwo.

Lẹ́yìn náà la lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn tó mọ̀ nípa iṣan. Ká tó wọlé, mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, lónìí yìí, ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́." Dókítà yìí fi abẹ́rẹ́ tọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀rọ wọn agbára ọwọ́ méjèèjì. Ti ọ̀tún kò tó ìdajì ti òsì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin yẹn fàyè gbà á kí ẹni tí ìpinnu kò tẹ́ lọ́rùn ní kí àjọ náà tún un gbé yẹ̀ wò. Bí ìyẹn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ló kàn. Àwa ò débẹ̀. Lẹ́tà ojú ewé kan la kọ lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwé dókítà kejì àti ẹ̀dà ìwé kékeré mi. Ẹ má fi falẹ̀ o, nítorí gbèdéke wà fún un. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á.

Ó lé lóṣù márùn-ún kí wọ́n tó pè é fún àyẹ̀wò tuntun. Ìdá ogún ni wọ́n kọ níkẹyìn. Kò tó bí mo ṣe rò ó, ṣùgbọ́n òun la fi san owó ilé ẹ̀kọ́ Bọ́lá.

Bẹ́ ẹ bá kí ọkọ mi lónìí pé ara ńkọ́, "A dúpẹ́" náà ló máa sọ. Dókítà nìkan ló ń sọ òótọ́ fún, ìyẹn bí mo bá jókòó tì í.