Bàbá Onísíkáàfù Pupa

Llanelli, Wales.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà la wà níbí, àfi òtútù tí kò fẹ́ lọ. Ẹ rántí bàbá òyìnbó ilé kejì tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lórí fóònù? Bàbá ti papò dà. Wọ́n ti sin ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá yìí á tètè yé yín. Ràgíbì ni tiwọn níbí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn bí ìbẹ́pẹ. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níhà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ jù ú síwájú. Bàbá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Yóò fọwọ́ tẹ apá mi, á ní kí n fi ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí n máa wo ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wà ní pápá Stradey lọ́jọ́ Túsìdeé, 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, tí All Blacks ti New Zealand wá bá Llanelli gbá. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù agolo ló wà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wòran. Phil Bennett ti Llanelli gbá bọ́ọ̀lù, ó ba igi ìdábùú, ó ta padà. Bí ọmọ New Zealand kan ṣe fẹ́ gbá a dànù ni Roy Bergiers, ọmọ Llanelli, fara dí i, ló bá ṣubú lé e lẹ́yìn ìlà. 9 sí 3 ni Llanelli fi borí. Èjìká ni wọ́n fi gbé Delme Thomas, balógun wọn, jáde. Tí bàbá bá ti sọ ìtàn yìí dé ibi tí bọ́ọ̀lù ti ba igi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á dún lórí tábìlì, tíì inú ife á sì dà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó fẹ́ràn wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀ lọ́jọ́ ìṣẹ́gun. Bàbá máa ń lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń fìdí rẹmi, nínú òjò, tí àga òfìfo pọ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Stradey lọ sí Parc y Scarlets lọ́dún 2008, ó dùn ún, àmọ́ ó bá wọn lọ. Aṣọ àwọn ọmọdé tó ń gbá ràgíbì ládùúgbò, òun ló ń fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń rí ẹ̀wù pupa kéékèèké tó kún orí okùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí bàbá á sì máa fi èékánná ha ẹrẹ̀ tí kò jáde lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un.

Nígbà ìsìnkú, síkáàfù pupa rẹ̀ wà lórí pósí. Àwọn ọmọ tó ti fọ aṣọ fún rí, tí àwọn mìíràn ti di bàbá ọlọ́mọ, ló gbé pósí náà. Wọ́n kọ orin Sosban Fach, orin ẹgbẹ́ náà, ohùn wọn sì kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni pé ìbátan wa ni.

Llanelli ń gbá nílé ní Sátidé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ní ká jọ lọ, mo sì ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ sọ fún Màmá pé owó oògùn wọn ń bọ̀ tí oṣù bá parí.

Èmi ni,
àbúrò yín.