Fóònù Tí Ó Di Adití

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ bàbá mi, ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn: "Ó ń kọ̀wé nípa fóònù." Á dákẹ́ díẹ̀, á sì fi kún un pé, "Kì í tà wọ́n o." Àfikún yẹn ni ó máa ń dùn mí. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú irin. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ta ọjà, tí kò gbé ọjà, tí kò sì tún ọjà ṣe, kí ni ó ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọjà? Parakou ni a sì wà, níbi tí ojú irin láti Kútọnu dé ní ọdún 1936, tí kò sì kọjá rẹ̀ títí di òní. Nígbà kan rí, ibí ni ẹrù tí ó ń lọ sí Malanville àti ilẹ̀ Niger ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á. Ọmọ ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni mí; bàbá mi rò pé ẹrù ni ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n gbé.

N kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Ìwé ìròyìn tí ó bá fẹ́ àpilẹ̀kọ ni mo máa ń kọ ọ́ fún, ní èdè Faransé, wọn a sì sanwó fún mi ní iye àpilẹ̀kọ, kì í ṣe ní ìparí oṣù. Fóònù tuntun, aago ọwọ́ tí ń ka lílù ọkàn, àtùpà tí ń lo oòrùn, eré orí ẹ̀rọ: ìwọ̀nyí ni oko mi. N kò lówó láti ra ohun tí mò ń yẹ̀ wò. Oníṣòwò ni ó máa ń yá mi fún ọjọ́ méje. N ó lò ó, n ó ya fọ́tò rẹ̀, n ó sì dá a padà sínú páálí rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án rí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo yẹ irú fóònù bẹ́ẹ̀ kan wò. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ojú rẹ̀ ń dán, bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì gbáko. Mo kọ ọ́ pé fóònù tí ó yẹ gbogbo ènìyàn ni. Gbólóhùn náà dùn mọ́ olóòtú nínú, ó fi ṣe àkọlé.

Màmá kan wà nínú ọjà Arzèkè tí a ń pè ní Ìyá Ọlọ́wàrà. Wàrà àwọn Fúlàní ni ó ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní wàgáṣí níhìn-ín. Á fi ewé ọkà bàbà pa á láró pupa, á sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ nínú ọkọ̀ òwúrọ̀. Kò mọ̀wé kà. Ohùn ni ó fi ń ṣòwò: oníbàárà á sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp, òun náà á sọ̀rọ̀ padà, ní Yorùbá, ní Dendi, tàbí ní Bàrìbá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó ka àpilẹ̀kọ mi fún un. Nígbà tí àjọ kàn án, ó kó owó náà, ó lọ ra fóònù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, fóònù tí o ní kí n rà ti di adití."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé, "Màmá, èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ rà á." Mo rántí àkọlé yẹn, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Fóònù náà kò bàjẹ́ rárá. Ó kún ni. Gígabáìtì 32 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ àti àwọn nǹkan tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ti jẹ apá púpọ̀ nínú àyè yẹn kí Màmá tó fi ohunkóhun síbẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, fídíò àwọn ọmọdé tí ń jó, àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹgbẹ́ mẹ́fà ń fi ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni ó kún ìyókù. Nígbà tí àyè tán, ohùn kò rí ibi wọ̀ sí mọ́. Fóònù á fi hàn pé iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní fọhùn. Oníbàárà kan ní Àjàṣẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ ní ọgọ́ta wàrà fún ìkómọ. Ó dúró ọjọ́ méjì láìgbọ́ èsì, ó sì rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, oníbàárà yẹn kò padà wá mọ́.

Láàrin ọjọ́ méje tèmi, òfìfo ni fóònù náà. Mo yẹ ilé wò kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wọ inú rẹ̀, mo sì jáde wá sọ fún ará ìlú pé ilé náà gbòòrò.

Láti ìgbà yẹn, mo kọ́kọ́ máa ń di ẹrù fún fóònù ni. Ọlọ́jà kan fún mi láyè láti ṣe àdàkọ oṣù mẹ́rin fídíò àti fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń dà sínú fóònù tuntun ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹta, mo máa ń gbé e lọ sí ìdí ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ fóònù sọ pé kí ooru ibi tí a ti ń lò ó má kọjá 35. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Parakou, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kò fẹ́ràn ooru, pàápàá bí a bá ń gba iná sí i lára lọ́wọ́, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó sì máa ń sún mọ́ tòsí.

Àdánwò kan tún wà tí ó jẹ́ tèmi nìkan. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀rẹ́. Nínú Unicode, èyí tí í ṣe ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ ayé fi ń mọ lẹ́tà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ru àmì lókè tí ó sì tún tẹ àmì mọ́lẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ní láti tò ó jọ, kí ó sì mọ ibi tí yóò gbé àmì lé. Àwọn ará Vietnam rí àyè gbà ju wa lọ: ệ tiwọn ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ɛ àti ɔ kọ èdè wa, bí ìwé mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ti ń ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ má rò pé ẹ bọ́. Ɛ́ náà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lórí àwọn fóònù kan, àmì á fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ti fi fóònù kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí ìwé yìí rí mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn ìbéèrè báyìí kì í sí nínú àgbéyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ ní Paris, n kò sì bá wọn wí. Àwọn oníbàárà wọn kọ́ ni oníbàárà wa. Iléeṣẹ́ Transsion láti Shenzhen, tí ó ni Tecno, Itel àti Infinix, gbilẹ̀ ní Áfíríkà nítorí pé ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó rọrùn: káàdì ìpè mélòó ni ènìyàn ń lò? Ìgbà wo ni iná ń lọ? Ṣé kámẹ́rà rí ojú aláwọ̀ dúdú dáadáa? Olówó béèrè, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé kò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí á máa san fráǹkì márùn-ún lórí mẹ́gàbáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo ta, ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fagi lé àṣẹ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo mọ mẹ́gàbáìtì kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ owó epo. Níbo ni ìmọ̀ yẹn wà nígbà tí mò ń kọ̀wé?

(Eré orí ẹ̀rọ ni mo fẹ́ràn jù lọ, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Mo kọ̀wé nípa *Aurion*, tí Kiro'o Games ṣe ní Kàmẹ́rúùnù, tí ó jáde ní ọdún 2016. Olóòtú ní kí n padà sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Banikanni ń gbá pẹ̀lú manẹ́ẹ̀tì.)

Mo kọ àpilẹ̀kọ mìíràn láti tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Mo sọ ọ́ pé mo ṣìnà, mo sì sọ ohun tí ó fà á. Olóòtú bẹ̀ mí pé kí n yọ "mo ṣìnà" kúrò, kí n fi "àwọn olùlò kan ti ṣàkíyèsí" rọ́pò rẹ̀. N kò gbà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún pè mí. Oníṣòwò tí ń yá mi ní fóònù kò yá mi mọ́. Nísinsìnyí, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti lo fóònù fún oṣù mélòó kan ni mo ti ń tọrọ rẹ̀ wò, nítorí náà àpilẹ̀kọ mi máa ń pẹ́ dé ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ, owó rẹ̀ sì dín.

Mo pa fídíò rẹ́ nínú fóònù Ìyá Ọlọ́wàrà, mo sì fi han ọmọ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń dí ọ̀nà kí àwòrán má máa wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo túmọ̀ àpilẹ̀kọ kejì sí Yorùbá, mo kà á, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi, ó ń mi orí.

"O sọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n o kò sọ iye tí mò ń ta wàrà."

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, n ó fi kún un."

"Fi kún un," ni ó wí. "Kí o sì sọ fún ará Àjàṣẹ́ yẹn pé mo ti ń gbọ́ràn báyìí."