Omi tí Kì í Jẹ́ kí Ọṣẹ Hó

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó mọ̀ pé omi kan wà tí òun àti ọṣẹ kì í rẹ́. Inú ilé ara mi ní Ìpè-Àkókó ni mo ti mọ̀ ọ́n, ohun tí ó sì ná mi kì í ṣe owó nìkan.

Ní ọdún 2011 ni mo kọ́ ilé náà parí, nítorí pé Ìpè kò jìnnà sí Àkùngbá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé àdúgbò wa, mo sì pe àwọn tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àpáta ni Àkókó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni irin wọn fi ń ké lára òkúta kí ó tó kan omi. Omi náà mọ́ gaara, ó sì tutù. A gbé táǹkì sórí òpó, a fa páìpù wọ ilé, ìyàwó mi yí ẹnu ẹ̀rọ ní ilé ìdáná, omi tú jáde, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í parí lọ́nà tí kò yé mi. Ọṣẹ tí ń gbé wa di ìparí oṣù nígbà tí a wà ní Ìbàdàn kì í lo ọjọ́ mẹ́wàá mọ́. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ẹbí mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun ni ó ń fọ aṣọ. Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọṣẹ. (Ẹ wo ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ kí ó máa ka ìwé!) Àwọn aṣọ funfun mi pàápàá ti ń ṣú bí eérú, wọ́n sì gan paali. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo pè é, mo ní kí ó sọ ẹni tí ó ń kó ọṣẹ mi fún. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fún ẹnì kankan. Omi yìí ni kì í jẹ́ kí ó hó."

Mo ní omi wo? Ṣé omi tí gbogbo wa ń mu yìí ni ó ń jí ọṣẹ? Mo sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí i tí n kò ní kọ síbí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́.

Ọmọ náà lọ, ọṣẹ kò sì yé parí.

Ìgbà òjò ni ìyá mi wá kí wa láti Ọ̀kà. Ó rí ohun funfun bí ẹfun tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù wa. Ó rí ẹ̀wà tí ìyàwó mi gbé kaná láti àárọ̀ tí kò rọ̀. Ó bu omi sọ́wọ́, ó fi ọṣẹ ra á, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Omi inú òkúta ni ẹ fi ń fọ aṣọ? Ẹ gbé igbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀." Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọge, àmù omi òjò wà lọ́tọ̀ fún aṣọ, àmù omi kànga wà lọ́tọ̀ fún mímu. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọn a da eérú sínú omi kànga, wọn a jẹ́ kí ó silẹ̀, wọn a rọra da ojú rẹ̀ tí ó tòrò fún ìfọṣọ, wọn a sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù. Ní ti ẹ̀wà, ó béèrè ibi tí kán-ún wà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kẹ́místírì lọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rọ omi kànga mi sínú ìgò kan, ó rọ omi òjò sínú èkejì, ó kán omi ọṣẹ díẹ̀ sínú méjèèjì, ó sì ní kí n mì wọ́n. Ti omi òjò hó títí dé ọrùn ìgò. Tèmi di rádaràda, ohun bí wàrà tí ó bàjẹ́ sì ń léfòó lójú rẹ̀. Ó ní ará Scotland kan, Thomas Clark, olùkọ́ ní Aberdeen, ni ó sọ fífi ọṣẹ wọn líle omi báyìí di ọ̀nà tí ayé ń lò, ẹni náà tí ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1841 lórí bí a ṣe lè fi ẹfun sísun rọ omi.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Bí òjò bá wọlẹ̀, ó ń gba irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde láti inú erùpẹ̀, ó sì ń kan díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wá pẹ́ lára àpáta, ó ń yọ́ kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ọṣẹ kọ́kọ́ ń bá pàdé. Àfi bí ó bá bá wọn jà tán ni yóò tó ráyè dé ara aṣọ, ẹ̀gbin ìjà náà ni ó sì ń jókòó sára aṣọ funfun. Kálísíọ́mù yìí kan náà ni ó ń so èèpo ẹ̀wà le. Eérú àti kán-ún ní èròjà tí ń fa kálísíọ́mù jáde nínú omi. Kì í ṣe pé omi náà ń ṣeni níbi: Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lé líle omi nítorí ìlera. Kì í sì í ṣe gbogbo omi Àkókó ni ó rí bẹ́ẹ̀. Omi odò àti ti adágún, irú èyí tí a sé ní Awara ní Ìkàrẹ́, sábà máa ń rọ̀ ju ti ihò àpáta lọ, nítorí kì í pẹ́ lára òkúta.

Ní ọdún 2016 mo sùn sí ilé àbúrò mi ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì bá ẹfun ìdí kẹ́tù yìí níbẹ̀. Orí òkúta ẹfun gan-an ni púpọ̀ nínú omi wọn ti ń wá. Àbúrò mi kò yà á sí nǹkan kan: ilé-iṣẹ́ omi wọn máa ń tẹ bí omi àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe le tó jáde fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga mi bi mí bí omi bá mọ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n n kò lè di ẹ̀bi náà lé e lórí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé Yorùbá ní omi òjò, omi ìsun, omi odò, omi kànga, omi àmù. Mo ń pè wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ lásán. Lójú ìyá mi, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti ń gba ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo jáde ni mo ti gbà pé omi ni omi í jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì sọ ìdí ọ̀rọ̀ náà fún mi ní gbólóhùn kan, lórí ìkúnlẹ̀, ní èdè tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, n kò gbọ́.

Dúrọ́ọ̀mù méjì wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wa báyìí. Kí ọdún náà tó parí mo lọ sí Ìkàrẹ́. Ìyá ọmọ náà gbé àga fún mi, ó ń wí pé, "Ó ti tán, bùọ̀dá mi, ẹ má dààmú ara yín." Ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ níṣojú ìyá rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Mo kúkú sọ fún yín, sà," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.