Ojú Ilé Tó Padà Wá Nínú Pákó

Kí ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó fẹnu kan igi, bébà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Mushin tẹ́ bébà pélébé kan sórí pákó, ó ń rọra mú bíìtì, irin tó ń gbẹ́gi, wálẹ̀, ó sì ń fa bébà náà síwá sẹ́yìn títí tó fi há, tí kò gbọ́ fífà mọ́. Ibẹ̀ ni òdo. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti máa ka gbogbo ìwọ̀n: ọ̀tún sí òsì, iwájú sí ẹ̀yìn, òkè sí ìsàlẹ̀. Bí òdo bá fi ìdajì mìlímítà yẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò nìyẹn.

Ilé la fẹ́ gbẹ́. Ilojo Bar ni, ní Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, láyé ìgbà tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil bọ̀ wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́. Ní 1956 ni ìjọba kà á kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í lè gba Tinúbú kọjá kí n má yíjú wo ibẹ̀.

Fọ́tò nìkan ló kù tí a lè fi ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù náà na àwọn fọ́tò ọ̀hún tọ́, ó fi ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ọ̀kan lára wọn ṣe òṣùwọ̀n, ó wá ń ya ilé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mítà kan lára ilé gidi di sẹ̀ǹtímítà 2 lórí pákó wa. Igi fèrèsé tó bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 nígbà náà lọ́hùn-ún, mìlímítà kan péré ló máa kù nínú tiwa. Ìwọ̀n irun orí kan ló ń pààlà láàárín iṣẹ́ tó dùn ún wò àti igi tó kán.

Nígbà tó yà á tán, kọ̀ǹpútà sọ àwòrán di àṣẹ. Mo ní kó ṣí i kí n rí i. Ìlà lórí ìlà ni, bí èyí: G1 X42.5 Z-3 F1200. Ohun tó ń wí ni pé, máa gbẹ́ lọ ní tààrà títí dé 42.5, wọ inú igi ní mìlímítà 3, rin 1200 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí fèrèsé kan ṣoṣo. Lára téèpù oníhò ni wọ́n ti ń kọ irú àṣẹ yìí nígbà tí MIT kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ han aráyé ní Amẹ́ríkà ní 1952.

Ìrókò ló kọ́kọ́ wù mí. Ọ̀gá mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìrókò sílẹ̀. Òkúta a máa wà nínú rẹ̀." Ó gbé agolo mílíìkì kan wá, ó da ohun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: bíìtì tó ti ṣẹ́, kékeré, ńlá. Òótọ́ ló sọ. Ìrókò tó bá fara gbọgbẹ́ a máa di ẹfun líle mọ́ inú ara rẹ̀, ojú kì í sì í rí i lókè. Arère ńkọ́? Ó rọ̀ jù, a máa hu irun lẹ́nu bíìtì. Ọ̀gànwó la pàpà mú, pupa, tí ojú rẹ̀ dán.

Bíìtì mìlímítà 6 ló kọ́kọ́ wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò lẹ́wà. Ńṣe ló ń jẹ igi kúrò ní ipele-ipele bí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi olórí róbótó wẹ́wẹ́ sí i, tó ń yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ipa kan kò jìnnà sí èkejì ju 0.2 mìlímítà lọ. Mo dúró tì í ju wákàtí mẹ́ta lọ, mo fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Ó dà bí ìgbà tí omi ń fà lórí iyanrìn: àtẹ̀gùn ń parẹ́, orí fèrèsé ń yọ, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun.

Àfi bí iná ṣe lọ lójijì. Ẹ̀rọ dákẹ́ sínú igi. Bí iná bá dé, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti fi pẹ́ńsù kọ ibi tí òdo wà sí etí pákó láti àárọ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n dá a padà sí òdo, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí bíìtì ò lè ṣe láéláé. Róbótó ni, igun fèrèsé tó bá gbẹ́ á rí róbótó díẹ̀ nínú, bó ti wù kí bíìtì kéré tó. Ọ̀gá yọ ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ sínú igun kìíní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rún igi kan bọ́ tí kò tó èékánná ọmọ tuntun. Igun náà mú ṣáṣá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbogbo wọn, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí.

Ó ku apá kan lókè lọ́wọ́ òsì. Pátákó ìpolówó ló bò ó nínú gbogbo fọ́tò tí a ní. Ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà ní òun lè da ti ọ̀tún kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní rárá, ọ̀gá náà sì ní rárá. Níbẹ̀, ẹ̀rọ kò gbẹ́ nǹkan kan. Pákó ọ̀gànwó náà wà ní pẹrẹsẹ bó ṣe ti ilé pákó wá, pẹ̀lú ìlà ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí lábẹ́ iná.